Ọmọ tí kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù, tó wọ Yale lórúkọ bọ́ọ̀lù

Ní November 2017, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rick Singer, ní California, fi íméèlì ránṣẹ́ sí kóòṣì tó ń kọ́ tíìmù bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin ní Yunifásítì Yale. Ìwé ọmọbìnrin kan tó fẹ́ wọ Yale ló wà nínú íméèlì yẹn, pẹ̀lú ohun tó kọ nípa ara ẹ̀, àti líǹkì tí wọ́n ti lè lọ wo àwọn iṣẹ́ ọnà tó ti ṣe, torí àwòrán lọmọ yìí ń yà. Singer wá sọ fún kóòṣì pé òun máa tún ìwé náà ṣe, òun máa yí i sí ti bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ìwé míì máa fi jáde, ọmọ ayàwòrán ti di ọ̀kan nínú àwọn kápútéènì kílọ́ọ̀bù bọ́ọ̀lù kan tó gbajúmọ̀ ní gúúsù California.

Irọ́ ni, kóòṣì náà sì mọ̀ pé irọ́ ni. Rudy Meredith lorúkọ ẹ̀, láti 1995 ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn ní Yale, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó máa fojú wá ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù kiri, kò sí bó ṣe máa rí ẹni tí kì í gbá a tí ò ní mọ̀. Síbẹ̀ ó mú orúkọ ọmọ náà, ó fi sára àwọn tó lóun fẹ́ sínú tíìmù òun, Yale sì gbà á wọlé. Lẹ́yìn ọdún tuntun, ní 2018, Singer fi ṣẹ́ẹ̀kì $400,000 ránṣẹ́ sí Meredith. Ohun tí ìdílé ọmọ náà san fún Singer ní tiwọn jẹ́ $1.2 mílíọ̀nù.

Mo fẹ́ ká dúró ti ẹyọ ìṣẹ̀lẹ̀ yìí dáadáa, torí nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà tú àṣírí gbogbo ẹ̀ síta ní March 12, 2019, tí wọ́n fẹ̀sùn kan èèyàn 50 lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn òṣèré fíìmù tó wà níbẹ̀ ni gbogbo ayé ń sọ, Felicity Huffman tó san $15,000 kí wọ́n lè bá a tún ìdáhùn ọmọ ẹ̀ ṣe nínú SAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì níbẹ̀, Lori Loughlin àti ọkọ ẹ̀ tí wọ́n san $500,000 káwọn ọmọ wọn méjèèjì lè wọ USC, ìyẹn University of Southern California, gẹ́gẹ́ bí atukọ̀ ojú omi, tí wọ́n gbé àwọn ọmọ náà sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ́ ọkọ̀ títù, tí wọ́n ya fótò wọn. Ti ìdánwò yẹn yé ọmọ Nàìjíríà kíákíá, kò sẹ́ni tí kò gbọ́ special centre rí láàárín wa. Ti bọ́ọ̀lù yìí ni kò tètè yé àwọn èèyàn. Àwọn òbí tí mo ń bá ọmọ wọn wo fóòmù ṣì máa ń bi mí dòní pé kí ló kan bọ́ọ̀lù kan ádímíṣọ̀n, ṣebí ìwé lọmọ fẹ́ lọ kà? Ìbéèrè yẹn dáa, torí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti wọlé.

Ẹ wo tiwa nílé. Ẹni tó bá fẹ́ wọ yunifásítì, á kọ JAMB, subject mẹ́rin, máàkì 400, á mú WAEC tàbí NECO ẹ̀ dání, á ṣe post-UTME níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é, cut-off á jáde, ọ̀rọ̀ catchment area á dá sí i, ó parí. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé ṣé o máa ń kọrin, ṣé o máa ń gbá bọ́ọ̀lù. O lè ti jẹ́ head girl, o lè ti bá ìpínlẹ̀ rẹ ṣe debate títí dé Abuja, kò kan JAMB rárá, nọ́ńbà ni wọ́n ń wò. Èèyàn lè bínú sí JAMB lórí nǹkan púpọ̀ ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Ti Amẹ́ríkà ò rí bẹ́ẹ̀. Fóòmù tí ọ̀pọ̀ yunifásítì wọn jọ ń lò, Common App, ní ibì kan tó jẹ́ ti nǹkan tí ọmọ ń ṣe yàtọ̀ sí ìwé nìkan, ohun tí wọ́n ń pè ní extracurricular. Àyè mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Nínú àyè kọ̀ọ̀kan, ọmọ á mú irú nǹkan tó jẹ́, á kọ ipò tó wà níbẹ̀, á wá ṣàlàyé ohun tó ṣe nínú lẹ́tà 150 péré, àlàfo àti kọ́mà wà nínú ẹ̀ o, á sọ wákàtí mélòó ló fi ń ṣe é lọ́sẹ̀ àti ọ̀sẹ̀ mélòó lọ́dún. Ọmọ fúnra ẹ̀ ló ń kọ ọ́. Kò sí WAEC kankan tó máa fọwọ́ sí i pé lóòótọ́ lọmọ yìí ń ta gìtá fún wákàtí mẹ́fà lọ́sẹ̀. Máàkì ní ibi tó ti ń wá, SAT náà ní, ṣùgbọ́n àyè mẹ́wàá yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn ni wọ́n sì fi ń yọ ọmọ kan kúrò lára ọmọ mìíì nígbà tí máàkì bá ti dọ́gba. Lọ́dún tí à ń sọ yìí, àwọn tó béèrè fún Yale lé ní 35,000, àwọn tí wọ́n gbà ò tó 2,300. Nínú àwọn tí wọ́n dá padà, àwọn tí máàkì wọn dáa pọ̀ bíi yanrìn. Torí náà nǹkan míì tó lè sọ̀rọ̀ fún ọmọ ti di nǹkan ńlá.

Ti eléré ìdárayá wá yàtọ̀ pátápátá sí ti àwọn yòókù, ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Yale wà lára àwọn ilé ìwé mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní Ivy League, àwọn mẹ́jọ yìí kì í fún ọmọ ní scholarship torí eré ìdárayá. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé kóòṣì á mú orúkọ àwọn tó fẹ́ lọ fún ọ́fíìsì ádímíṣọ̀n. Ọ́fíìsì á wo máàkì ọmọ bóyá ó tó kàwé níbẹ̀, tó bá tó, ọ̀rọ̀ kóòṣì ló kù, ọ̀rọ̀ yẹn sì wúwo gan-an ni. Ti Harvard ló jẹ́ ká rí bó ṣe wúwo tó, torí nígbà tí wọ́n gbé Harvard lọ sí kóòtù ní Boston, tí ẹjọ́ náà dé iwájú adájọ́ ní 2018, àkọsílẹ̀ ilé ìwé náà jáde síta, àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé nínú 100 ọmọ tí kóòṣì fọwọ́ sí, nǹkan bíi 86 ló ń wọlé. Àwọn yòókù tí kò sí kóòṣì lẹ́yìn wọn, nínú 100, àwọn tó ń wọlé ò tó mẹ́wàá.

Ta ló wá ń yẹ ọ̀rọ̀ kóòṣì wò nígbà yẹn? Kò sẹ́ni kankan. Òṣìṣẹ́ ádímíṣọ̀n ò mọ bọ́ọ̀lù, kóòṣì ló mọ bọ́ọ̀lù, tí kóòṣì bá ní ọmọ yìí dáa, ta lo tún fẹ́ bi? Nígbà tí kò sì ti sí owó scholarship tí wọ́n lè gbà padà, kò sí ohun tó máa fi tipátipá mú ọmọ wọ pápá lẹ́yìn tó bá ti wọlé tán, ó lè ní ẹsẹ̀ ń dun òun, ó lè ní ìwé ti pọ̀ jù fún òun, kò sì ní tìtorí ẹ̀ kúrò nílé ìwé. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ wà. Singer rí ihò yẹn, ó sì sọ ọ́ di ọjà.

Iṣẹ́ tó dáa ni Singer kọ́kọ́ ń ṣe o, ó ń gba àwọn òbí nímọ̀ràn lórí ádímíṣọ̀n, ó ní ilé iṣẹ́ kan fún ìyẹn ní Newport Beach, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn tí wọn ò jalè. Ṣùgbọ́n ó tún dá fáńdéṣọ̀n kan sílẹ̀, Key Worldwide Foundation, ó lóun fẹ́ máa fi ran àwọn ọmọ tí kò rí tajé ṣe lọ́wọ́ kí wọ́n lè kàwé. Orí àkáńtì fáńdéṣọ̀n yẹn ni owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ń gbà wọlé, orí ẹ̀ náà ló ń gbà jáde. Ṣẹ́ẹ̀kì $400,000 tí Meredith gbà, owó fáńdéṣọ̀n ọmọ aláìní ni. Àwọn òbí tó sanwó á wá gba lẹ́tà ìdúpẹ́ pé wọ́n fi owó ta ọrẹ àánú, pé wọn ò sì gba nǹkan kan padà, wọ́n á mú lẹ́tà yẹn lọ fi dín owó orí kù. Láti 2011 sí 2018, nǹkan bíi $25 mílíọ̀nù ló wọlé fún un lọ́nà yìí. Nínú gbogbo ẹ̀, ibí yìí ló dùn mí jù, pé orúkọ ọmọ tálákà ni wọ́n fi bo owó tí wọ́n fi ń gba àyè mọ́ ọmọ tálákà lọ́wọ́.

Ó máa ń ṣàlàyé ọjà ẹ̀ fáwọn òbí lórí fóònù, FBI ti ká ọ̀rọ̀ ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn-ọ-rẹyìn. Ó ní ẹnu ọ̀nà iwájú wà, ìyẹn ni pé kí ọmọ wọlé fúnra ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn náà wà, ìyẹn ni pé kí òbí fún ilé ìwé lówó ńlá, ìyẹn lè tó ìlọ́po mẹ́wàá ohun tóun ń gbà. Òun wá la ẹnu ọ̀nà kan sí ẹ̀gbẹ́. Kóòṣì ni ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ yẹn. Kì í ṣe Yale nìkan, ó dé Stanford, ó dé Georgetown, ó dé USC. Bàbá kan ní Los Angeles, Devin Sloane, ra bọ́ọ̀lù àti fìlà water polo, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ jù nínú omi, lórí Amazon, ó ní kí ọmọ ẹ̀ wọ inú omi swimming pool ilé wọn, wọ́n ya fótò, ó gbé e fún ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà kó bá a tún fótò náà ṣe kó lè dà bí ẹni pé ìdíje gidi lọmọ wà. Ọmọ náà kì í ṣe water polo. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi bàbá yẹn sẹ́wọ̀n.

Àṣírí Yale yìí ò tú látọ̀dọ̀ Yale fúnra ẹ̀ o. Ọ̀gbẹ́ni kan tí wọ́n ń wádìí lórí jìbìtì ṣíà, ọ̀rọ̀ mìíràn tí kò kan ilé ìwé rárá, nígbà tó rí i pé ilé ti fẹ́ dà wó lé òun lórí, ó sọ fáwọn tó ń wádìí ẹ̀ pé òun mọ kóòṣì kan ní Yale tó ń béèrè owó lọ́wọ́ òun kó lè mú ọmọ òun wọlé. Ní April 2018 wọ́n ní kó pe kóòṣì náà wá sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Boston. Meredith wá. Wọ́n ń ká ohùn ẹ̀ sílẹ̀, kò mọ̀. Ó ní $450,000 lòun máa gbà. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ka $2,000 káàṣì fún un níbẹ̀, ó gbà á, ó tún sọ àkáńtì tó máa fi owó míì ránṣẹ́ sí. Ẹ rò ó wò ná: ẹni tó ti gba $400,000 ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, $2,000 káàṣì ló fi tọrùn bọ̀ ọ́.

Ibẹ̀ ni okùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Meredith bá FBI ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ Singer, nígbà tó fi máa di September 2018 Singer náà ti ń pe àwọn òbí tó ti bá a dòwò, FBI ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Meredith kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní November ọdún yẹn. Ó gbà ní kóòtù pé òun jẹ̀bi ní March 2019, àròpọ̀ àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tó gbà lọ́wọ́ Singer àti àwọn mìíì lé ní $860,000, oṣù márùn-ún ni adájọ́ fi rán an lẹ́wọ̀n ní November 2022. Singer fúnra ẹ̀ gba ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ ní January 2023, wọ́n sì ní kó san owó tó lé ní $10 mílíọ̀nù fún ìjọba torí owó orí.

Kóòṣì kan wà ní Stanford, John Vandemoer, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ọkọ̀ ojú omi onígbòkun, òun náà gba owó lọ́wọ́ Singer, $610,000, ṣùgbọ́n tíìmù ló kó gbogbo ẹ̀ fún, kò fi kọ́bọ̀ sápò ara ẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n dá fún un, wọ́n sì ka ìyẹn sí pé ó ti ṣe é tán, pẹ̀lú fáìnì $10,000. Àwọn kan ní ìyà yẹn kéré, àwọn kan ní kò yẹ kó jẹ ẹ́ rárá. Èrò tèmi ni pé ìyẹn gan-an ló fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí ju ojúkòkòrò kóòṣì kan lọ. Àyè tí tíìmù ní lọ́fíìsì ádímíṣọ̀n ti ní iye lórí, ẹni tó jẹun níbẹ̀ àti ẹni tí kò jẹun, àwọn méjèèjì ló tà á.

Àwọn òbí ọmọ Yale yẹn ńkọ́? Ìjọba ò pè wọ́n lẹ́jọ́. Ọmọ náà ńkọ́? Ní March 2019, Yale fagi lé ádímíṣọ̀n ẹ̀. Ó ti wọlé, ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé, wọ́n ní ó ti tán. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibẹ̀ nínú ìtàn yìí, iṣẹ́ ọnà tó wà nínú íméèlì àkọ́kọ́ yẹn ni mo máa ń rò. Ọmọ yìí ní nǹkan tó ń ṣe. Ó ní iṣẹ́ gidi tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, ohun tí Common App ń béèrè gan-an nìyẹn, àwọn àgbàlagbà ló gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní kò tó, wọ́n fi bọ́ọ̀lù tí kò gbá rọ́pò ẹ̀. Bóyá iṣẹ́ ọnà yẹn ì bá gbé e wọlé bóyá kò ní gbé e wọlé, a ò lè mọ̀ mọ́ láé, torí wọn ò jẹ́ kó fi dán an wò.

Àwọn kan á ní, kí wọ́n kúkú yọ ọ̀rọ̀ extracurricular kúrò, kí wọ́n máa wo máàkì nìkan bíi tiwa. Ó dùn-ún gbọ́. Ó tún ní ìtàn lẹ́yìn tó ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, torí bí nǹkan yìí ṣe wọ ádímíṣọ̀n Amẹ́ríkà, kò mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láyé ọdún 1920, ìdánwò ni Harvard fi ń gbà wọlé jù, àwọn ọmọ Júù sì ń ṣe dáadáa nínú ìdánwò, wọ́n ti ju 20 nínú 100 lọ. Ààrẹ Harvard ìgbà yẹn, Lowell, ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ fẹ́ fi iye sí i gbangba ní 1922, wọ́n ta kò ó, nígbà tó yá ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìwà ọmọ, ìrísí ẹ̀, eré tó ń ṣe, irú ilé tó ti wá, Yale àti Princeton náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, iye ọmọ Júù sì wálẹ̀. Ohun tí wọ́n dá sílẹ̀ láti fi sé ilẹ̀kùn mọ́ àwọn kan ni gbogbo wa wá ń kún báyìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Owó ṣì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ títí dòní, kì í ṣe owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ nìkan. Ní 2023, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Raj Chetty, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ọmọ olówó tó wà nínú ìdá kan nínú 100 lókè pátápátá, àǹfààní tó ní láti wọ àwọn ilé ìwé ńlá yẹn ju ìlọ́po méjì ti ọmọ àárín lọ, bí SAT wọn tilẹ̀ dọ́gba. Nǹkan mẹ́ta ló fà á ní ti ádímíṣọ̀n: ọmọ ẹni tó ti kàwé níbẹ̀ rí, ọmọ tí kóòṣì fẹ́, àti máàkì tí wọ́n ń fún ọmọ lórí àwọn nǹkan tí kì í ṣe ìwé. Ẹ ẹ̀ rí i pé méjì nínú mẹ́ta yẹn, ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí ni. Eré ọkọ̀ ojú omi, water polo, fífi idà ṣeré, ta ló ń ṣe é? Ilé ẹ̀kọ́ girama wo ní Mushin ló ní swimming pool?

Síbẹ̀ mi ò gbà pé kí wọ́n yọ ọ́ pátápátá, torí mo ti rí ohun tó ń ṣe fún ọmọ tí kò ní nǹkan kan bí wọ́n bá béèrè ìbéèrè yẹn lọ́nà tó tọ́. Ọmọkùnrin kan wà n'Ìbàdàn, màmá ẹ̀ jẹ́ alájọ ní Bódìjà. Ẹ̀jẹ́ǹtì kan ti rí wọn kí n tó rí wọn, ẹ̀jẹ́ǹtì yẹn ní ìwé ọmọ náà dáa ṣùgbọ́n extracurricular ẹ̀ ò sí, pé kí wọ́n mú owó wá, òun á bá wọn package ẹ̀: wọ́n á dá NGO sílẹ̀ lórúkọ ọmọ, wọ́n á tẹ T-shirt, wọ́n á lọ sí motherless babies' home ní Sátidé kan, wọ́n á ya fótò, ó di founder nìyẹn, wọ́n á tún fi captain bọ́ọ̀lù kún un. Màmá ọmọ náà ti ń wá owó yẹn. Mo bi ọmọ náà pé tó bá ti school dé kí ló máa ń ṣe, ó ní, "Mi ò kì í ṣe nǹkan kan o, mà. Mo kàn máa ń bá màámi gba àjọ ni."

Mo ní kó mú ìwé àjọ náà wá kí n rí i. Exercise book ni, ó ti ń fọ́ létí, ó ti fa ìlà sí i ní rúlà, orúkọ àwọn ìyá alátá àti ìyá ẹlẹ́ja lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọjọ́ lókè, àmì nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Ní ibì kan ó yí ìlà ẹ̀ padà, ó fi àyè ìfọwọ́sí kún un, mo ní kí ló dé, ó ní ìyá kan ló ní òun san owó ọjọ́ méjì tí kò sí nínú ìwé, wọ́n fẹ́ máa jà, láti ọjọ́ yẹn ni òun ti ní kí kálukú máa fọwọ́ sí i tó bá san, ẹni tí kò bá mọ̀wé kó tẹ̀ka. Láti JSS ló ti ń ṣe é, gbogbo ọ̀sán lẹ́yìn school, àwọn ìyá tó wà nínú ìwé yẹn lé ní ogójì. Ọmọ yìí ni wọ́n ní kò ní extracurricular!

Common App ní àyè fún iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún, ó tún ní àyè tí wọ́n kọ family responsibilities sí, ìyẹn iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe fún ìdílé ẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí wa ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ní 2016, ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ olùkọ́ ní Harvard tẹ ìwé kan jáde, àwọn tó ń ṣe ádímíṣọ̀n ní ọ̀pọ̀ yunifásítì fọwọ́ sí i, wọ́n ní ọmọ ò nílò nǹkan mẹ́wàá, méjì mẹ́ta tó jẹ́ gidi ti tó, wọ́n sì ní kí wọ́n ka iṣẹ́ ilé àti ìtọ́jú àbúrò kún un. Nítorí náà ìwé àjọ lọmọ yẹn kọ sí àyè àkọ́kọ́. Ká tó fi lẹ́tà 150 kó o tán, ó pẹ́ díẹ̀, a pa ọ̀rọ̀ rẹ́, a dá a padà, níkẹyìn iye àwọn ìyá, iye ọdún, àti ìfọwọ́sí yẹn ló kù nínú ẹ̀. Ó kọ ọkọ̀ọ̀kan wákàtí ẹ̀ bó ṣe jẹ́. Tí ẹnikẹ́ni bá pè é lórí fóònù láàjìn láti Amẹ́ríkà pé kó ṣàlàyé, á ṣàlàyé títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London, tiyín tún yàtọ̀, UCAS, ibi tí wọ́n ti ń béèrè fún yunifásítì níbẹ̀, ò ní àyè mẹ́wàá, Oxford àti Cambridge ń wo bí ọmọ ṣe nífẹ̀ẹ́ sí subject tó fẹ́ kà ju bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù lọ, torí náà ẹ má jẹ́ kẹ́ni kẹ́ni gbowó yín lórí pé ọmọ ò ní eré ìdárayá.

Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ Meredith tú, Yale yí nǹkan padà díẹ̀. Ààrẹ wọn ìgbà yẹn, Peter Salovey, kéde pé olórí ẹ̀ka eré ìdárayá á máa yẹ orúkọ tí kóòṣì bá mú wá wò kó tó dé ọ́fíìsì ádímíṣọ̀n, àti pé tí ọmọ tí kóòṣì mú bá wọlé tí kò dé inú tíìmù, wọ́n á fara balẹ̀ wádìí ohun tó fà á. Ó dáa, ó yẹ kó ti wà tipẹ́. Àyè mẹ́wàá tó kù yẹn ṣì wà bó ṣe wà, ọwọ́ ọmọ ló wà.

Ní ìparí fóòmù Common App, kí ọmọ tó tẹ bọ́tìnì pé kó lọ, ibì kan wà tó ti máa fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni gbogbo ohun tóun kọ, pé tí kò bá jẹ́ òótọ́, ilé ìwé lè gba ádímíṣọ̀n náà padà, wọ́n lè lé òun, wọ́n tilẹ̀ lè gba dìgírì òun padà lẹ́yìn tóun ti kàwé tán. Orúkọ ọmọ ló máa wà níbẹ̀. Kò sí àyè fún ẹ̀jẹ́ǹtì láti fọwọ́ sí i, kò sí fún bàbá, kò sí fún ìyá. Fóòmù tuntun ń ṣí ní August 1 lọ́dọọdún, àwọn tó fẹ́ tètè béèrè, November 1 ni ti ọ̀pọ̀ ilé ìwé máa ń parí, torí náà àsìkò wà láti jókòó ti ọmọ kí ẹ bi í ohun tó máa ń ṣe tó bá ti school dé.